Ẹ yọ orúkọ ẹrú kúrò lára èdè wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú páálí tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó sọ "vernacular", ìyẹn èdè ìbílẹ̀. Ohun tó fi Yorùbá sọ kò ju pé òùngbẹ ń gbẹ òun lọ. Inú bí mi, mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ mọ ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Verna" ni àwọn ará Róòmù ń pe ẹrú tí wọ́n bí sílé olówó rẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ "vernaculus", ìyẹn ohun tó jẹ́ ti ilé, tí kì í ṣe àjòjì. Àwọn náà ń lò ó fún èdè ara wọn. Nígbà tí Varro, ọ̀mọ̀wé wọn, ń kọ̀wé nípa orúkọ àwọn ẹran inú omi, ó ní òmíràn jẹ́ àjòjì, òmíràn jẹ́ ti ìbílẹ̀ Látìn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló lò fún ti ìbílẹ̀. Kò sí èébú níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa wọ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1600, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè bẹ́ẹ̀, torí Látìn ni wọ́n kà sí èdè ìwé. Faransé ni wọ́n sì fi ń rojọ́ ní kóòtù wọn tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ṣòfin ní 1362 pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ kó lè yé aráàlú. Ní 1526, nígbà tí Májẹ̀mú Tuntun tí William Tyndale túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì dé Lọ́ńdọ̀nù, ńṣe ni àwọn aláṣẹ ìjọ dáná sun ún. Ojú tí wọ́n fi wo Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn ni àwa ń fi wo Yorùbá lónìí, ó sì dùn mí wọra.

Ẹni tó bá ní Yorùbá ń ba ìwé ọmọ jẹ́, kó wo iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fọ́dún mẹ́fà, wọ́n sì wá olùkọ́ tó dáńtọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ń rọ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá kí wọ́n fòfin de ìyà yìí, kí wọ́n sì bi àwọn ilé-ìwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó sọ Yorùbá léèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.