Lẹ́tà sí àbúrò mi: abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ ALF wà

Los Angeles, Kalifọ́níà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ara Màmá le? Orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Bá mi kí Bàbá, kí o sọ fún wọn pé mo rí fọ́tò òrùlé tuntun náà gbà, ó wù mí púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ gan-an béèrè ni mo fẹ́ jókòó tì lónìí.

O ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ ṣe eré apanilẹ́rìn-ín nípa àlejò kan tó já láti inú ìràwọ̀ wọ ilé àwọn ènìyàn ní Ìbàdàn, pé ọmọlangidi ni ẹ máa fi ṣe àlejò náà, pé ẹ tilẹ̀ ti ń bèèrè iye owó irun àti fóòmù. Ẹ dá owó yẹn dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ wá sáà kìíní ALF, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọmọlangidi ṣe àlejò tó ń jẹ́ ALF, kí ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ẹ gbé ojú kúrò lára ọmọlangidi náà, kí ẹ máa wo ilẹ̀, àga, tábìlì àti fèrèsé ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NBC níhìn-ín. Paul Fusco àti Tom Patchett ló dá a sílẹ̀. Fusco kan náà ló ni ohùn ALF, òun ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un sọ̀rọ̀. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Gordon Shumway ni orúkọ ALF ní ayé tó ti wá, Melmac, tó ti bú gbàmù. Ó tẹ̀ lé ìró rédíò tí Willie Tanner, baálé ilé kan, fi ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì já wọ inú gáréèjì ìdílé Tanner. Ó lé ní igba ọdún, ikùn mẹ́jọ ló ní, ológbò ni oúnjẹ tó wù ú jù, bẹ́ẹ̀ ìdílé Tanner ní ológbò kan tó ń jẹ́ Lucky. Ìyàwó Willie, Kate, kò fẹ́ ẹ nílé rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn, Lynn àti Brian, fẹ́ ẹ. Àwọn aládùúgbò, Trevor àti Raquel Ochmonek, kò gbọ́dọ̀ rí i, nítorí àwọn kan wà nídìí iṣẹ́ ìjọba tó ń wá irú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé gbàgbọ́ ni pé irọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Àyàfi àlejò yẹn, kò sí ohun tí kì í ṣe ti ilé gidi: owó iná, aṣọ ìdọ̀tí, ìyá ìyàwó tó wá kí wọn, igi Kérésìmesì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Gbogbo ilé Tanner tí o máa rí, orí pèpéle ni wọ́n kọ́ ọ sí, pèpéle náà sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ilẹ̀ ilé eré. Wọ́n gé ihò sí i káàkiri, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní ìdérí. Ibi tí ALF bá ti máa yọ ni wọ́n máa ṣí, Fusco á wà nísàlẹ̀, á na ọwọ́ sókè. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 4 yẹn nítumọ̀: bí àgbàlagbà bá jókòó sórí àpótí kúkúrú, orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ pákó, ọwọ́ rẹ̀ á sì yọ sókè láti ìgúnpá. Bí pèpéle bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò tẹ ọrùn, kò sì ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Bó bá ga jù, ọwọ́ kò ní tó, ọmọlangidi á máa rì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wà nínú ẹrọ̀fọ̀. Kí ẹ wọn ọwọ́ atọ́kùn yín kí ẹ tó ra pákó. (Mo pe ẹni tó ń mú ọmọlangidi ní atọ́kùn, nítorí kò sí orúkọ tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Bí atọ́kùn ṣe ń darí eégún, bẹ́ẹ̀ náà ni. Fusco pàápàá kì í fẹ́ kí aráyé máa rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ kí ALF jẹ́ ALF.)

Ihò wọ̀nyẹn léwu. Ṣíṣí ni wọ́n máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn òṣèré sì ń rìn láàárín wọn, wọn kò sì lè máa wo ilẹ̀ nítorí kámẹ́rà. Ẹ fi téèpù funfun yí etí ihò kọ̀ọ̀kan ká níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i, kí ẹnì kan ṣoṣo máa mójú tó ṣíṣí àti dídé wọn, kó sì máa pariwo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Ìdérí náà gbọ́dọ̀ jókòó sórí igi tó yí ihò ká láti ìsàlẹ̀. Ìṣó nìkan kò lè gbé ènìyàn dúró.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ènìyàn kan kò tó. Nínú ìran tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ALF dáadáa, Fusco ló ń mú ẹnu àti ọwọ́ kan, atọ́kùn kejì ń mú ọwọ́ kejì, ẹnì kẹta sì ń fi rìmóòtù darí etí àti ojú. Lisa Buckley àti Bob Fappiano wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Ẹni méjì tó ń mú ọwọ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ mọ mímí ara wọn. Bí ALF bá fẹ́ pàtẹ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni méjì lójú òǹwòran. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹni tó ń mú ẹnu jẹ́ ọ̀gá, kí èkejì máa tẹ̀ lé èjìká rẹ̀.

Àwọn atọ́kùn tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí òkè, nítorí náà ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan síwájú wọn, kí wọ́n máa wo ohun tí kámẹ́rà ń rí. Ibí ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti ń ṣubú. Àwòrán yẹn kò dà bí dígí. Tí o bá gbé ọwọ́ lọ sí apá ọ̀tún rẹ nígbà tí o kọjú sí kámẹ́rà, apá òsì ni yóò lọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi oṣù kan gbáko ṣe ìdánrawò pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán lọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọlangidi olówó iyebíye.

Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Àtàǹpàkò ni kó máa lọ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìka mẹ́rin òkè máa gbéra. Bí àgbọ̀n òkè bá ń gbéra, orí á máa mì, ojú á sì máa wo àjà, òǹwòran á gbàgbé pé ẹnìkan ló ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Èdè wa rọrùn fún iṣẹ́ yìí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí sílébù wa dá dúró gedegbe. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún b, m, p àti gb, nítorí ètè máa ń pa dé níbi wọn. Mú "Ebi ń pa mí", èyí tí àlejò yín máa sọ láìmọye ìgbà. Lórí "e", ẹnu ṣí níwọ̀nba. "Bi", ó pa dé kó tó ṣí díẹ̀. "Ń", ó wà ní pípadé. "Pa", ó ṣí gbàgà. "Mí", ó pa dé, ó ṣí díẹ̀. Bí atọ́kùn bá kàn ń ṣí ẹnu pàkàpàkà bákan náà lórí gbogbo rẹ̀, ọmọdé pàápàá á mọ̀.

Nígbà tí ALF bá máa rìn tí gbogbo ara rẹ̀ á hàn, ọmọlangidi kò lè ṣe é. Michu Meszaros, ará Hungary tó ti ṣeré sákọ́ọ̀sì, tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹṣì 9 lọ, ló ń wọ aṣọ onírun náà. Sáà kìíní ni ẹ ti máa rí i jù. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì lẹ́yìn náà, nítorí ooru pọ̀ nínú aṣọ yẹn lábẹ́ iná, wíwọ̀ àti bíbọ́ rẹ̀ sì ń jẹ àkókò. Ní Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọmọ ẹnikẹ́ni sínú aṣọ onírun. Ọgbọ́n tó dára ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀rẹ̀ eré náà gan-an, níbi tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń jáde: ALF gbé kámẹ́rà, ó ń lọ káàkiri ilé, ó ń ya ìdílé náà. Ojú rẹ̀ ni a fi ń wo ilé. Ó rìn káàkiri láìjẹ́ pé a rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ná wọn ní irun kankan. Ẹ lò ó. (Orin tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀, Alf Clausen ló kọ ọ́. Alf lorúkọ rẹ̀ nítòótọ́, òun ló sì wá kọ orin fún The Simpsons fún ọ̀pọ̀ ọdún.)

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú sáà kìíní ni bí àwọn tó kọ ìwé eré ṣe jẹ́ kí ihò máa darí ìtàn. Wo fèrèsé tó wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀: ibẹ̀ ni ALF ti máa ń yọ orí, nítorí kò sí ohun tí atọ́kùn nílò ju ògiri tó máa bò ó lọ. Wo ìpín "Pennsylvania 6-5000": ALF jókòó ti rédíò Willie, ó bá ààrẹ Amẹ́ríkà tó wà nínú bàlúù sọ̀rọ̀ lórí ohun ìjà átọ́míìkì, àwọn agbófinró sì wá mú Willie. Ìtàn ńlá nìyẹn, tó kan gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ọmọlangidi náà kò kúrò lójú kan. Nínú "Looking for Lucky", ológbò sọnù, gbogbo ilé sì fura sí ALF. Ológbò tí kò sí nílé kò nílò olùkọ́ ẹranko. Nínú "For Your Eyes Only", ó bá obìnrin afọ́jú kan tó ń jẹ́ Jody dọ̀rẹ́, obìnrin náà kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn. Ìyẹn ló dára jù lọ lójú tèmi. Wọ́n mú òfin eré náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí i, wọ́n sì wá ẹnì kan ṣoṣo tí òfin yẹn kò dè. Nítorí náà, ẹ ya àwòrán ilé yín sórí ìwé, ẹ fi àmì sí ibi tí ihò wà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ìran tí kò bá ní ihò, ẹ fà á ya.

Àkókò ni yóò bà yín nínú jẹ́. Ìpín kan tí kò tó ìṣẹ́jú 30 ń gbà wọ́n ní wákàtí 20 sí 25 láti yà, nítorí pé bí ALF bá ti kúrò lórí àga lọ sídìí fíríìjì, wọ́n ní láti dé ihò kan, ṣí òmíràn, kó àwọn atọ́kùn lọ, tún iná tò. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè pe òǹwòran sínú ilé eré. Ẹ̀rín tí a ń gbọ́, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó le fún àwọn òṣèré, pàápàá Max Wright tó ṣe Willie àti Anne Schedeen tó ṣe Kate, láti máa dúró nínú ooru fún wákàtí púpọ̀ kí ọmọlangidi tó ráyè dáhùn. Ẹ fi í sí ìṣirò pé ìṣẹ́jú kan nínú eré á gbà yín tó wákàtí kan. Ìpín oníṣẹ̀ẹ́jú 10, ẹ ra epo jẹnẹrétọ̀ wákàtí 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya gbogbo ìran tó jẹ́ ti ihò kan papọ̀ kí ẹ tó dé e, kódà bí wọn kò bá tẹ̀ léra nínú ìtàn. Kí ẹ sì kọ́kọ́ ya ìran àwọn ènìyàn tó nira, nígbà tí ara wọn ṣì wà lókun.

Àwọn ọmọdé máa wò ó, kódà bí ẹ bá ní àgbàlagbà ni ẹ ṣe é fún. ALF máa ń mu bíà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní. Wọ́n dín in kù nígbà tí ó hàn pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ń wò ó jù. Ìpín "Try to Remember" tún wà, níbi tó ti gbé ẹ̀rọ ìpo-nǹkan oníná wọ inú omi ìwẹ̀, tí iná gbé e, tó sì gbàgbé ẹni tó jẹ́. Ẹ má kọ irú rẹ̀ rárá. Iná NEPA àti omi nínú ilé tí ọmọ wà kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Bí owó pèpéle kò bá sí, ẹ má gbé ilẹ̀ sókè. Ẹ gé ẹ̀yìn àga onítìmùtìmù kan, kí ẹ kan tábìlì ilé ìdáná tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo pátápátá, tí aṣọ bo iwájú rẹ̀, kí ẹ sì gé fèrèsé kan sára ògiri pílíwúùdù. Ibi mẹ́ta yẹn tó fún ìpín mẹ́fà. Kí ẹ parí ìtàn yín nínú ìpín mẹ́fà náà. ALF parí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1990 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó yí i ká nínú pápá, wọ́n ní ó ń bọ̀ wá tẹ̀ síwájú, kò sì padà sórí NBC. Ọdún 1996 ni ABC, tẹlifíṣọ̀n mìíràn, tó gbé fíìmù kan jáde láti parí rẹ̀.

Fi ìwọ̀n ọwọ́ atọ́kùn yín ránṣẹ́ sí mi, láti èjìká dé ìgúnpá, láti ìgúnpá dé orí ìka àárín, àti fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Ẹnì kan ń bọ̀ wálé nínú oṣù kejìlá. Màá fi fóòmù ránṣẹ́ sí yín nípasẹ̀ rẹ̀. Irun ni kí ẹ rà ní Gbági, kí ẹ yan èyí tí kì í já sọ́wọ́.

Kí Màmá má ṣe fi orúnkún yẹn gun àkàsọ̀ mọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ