Iye tó wà lójú àtẹ̀jíṣẹ́ kọ́ ni iye tó ń wọ àpò nótárì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìlú Katy, lẹ́bàá Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nítorí àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí WhatsApp pé kò sí iṣẹ́ tó ń tètè mówó wọlé bíi ti nótárì, ìyẹn ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé, tó ń tọ oníbàárà lọ sílé. Iṣẹ́ yìí ni èmi náà ń ṣe, òun ni mo sì fi ń ran àwọn ọmọ mi níwèé, nítorí náà n kò wá láti bà á lórúkọ jẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí bí a ṣe ń gba àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wọn bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò kí a tó gbà á.

Nílé, agbẹjọ́rò tí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà bá yàn ló ń jẹ́ nótárì. Ní Texas, ẹni tí kò kàwé òfin rárá lè gba àṣẹ náà fún ọdún mẹ́rin. Àmọ́ 10 dọ́là péré ni òfin gbà wá láyè láti gbà fún ìbuwọ́lùwé àkọ́kọ́ láti ọdún 2023, ìdí sì nìyí tí púpọ̀ wa fi ń lé ìwé ilé. Ẹni tó bá yáwó ra ilé, tàbí tó ń fi gbèsè tuntun san gbèsè àtijọ́ tó wà lórí ilé rẹ̀, a máa buwọ́ lu ìwé tó lè lé ní 150 ojú-ewé. Ilé-iṣẹ́ title, tó ń wádìí ẹni tó ni ilé, tó sì ń bójú tó ìwé náà, á gbé iṣẹ́ fún alágbàtà, alágbàtà á yọ tirẹ̀, yóò sì fi ìyókù ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀pọ̀ nótárì lẹ́ẹ̀kan náà: Galveston, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, 90 dọ́là. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ni ín, nítorí náà ìka ti máa ń tẹ fóònù kí ọpọlọ tó ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti ilé mi dé Galveston, àlọ àtàbọ̀, ó lé ní 150 máìlì. Ní ọdún 2025, 70 sẹ́ǹtì ni IRS, àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀, kà sí ìnáwó ọkọ̀ lórí máìlì kan tí a bá fi ṣiṣẹ́. Èyí jẹ́ 105 dọ́là. Ọkọ̀ nìkan ti jẹ 90 dọ́là náà tán, ó sì tún gba dọ́là 15 mìíràn lápò mi, kí a tó ka bébà àti tádà, nítorí ẹ̀dà méjì ni a ń tẹ̀, ọ̀kan fún oníbàárà. Mìíràn tún wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí a bá ti gba iṣẹ́ tán ni alágbàtà máa tó sọ pé kí a síkáànì gbogbo ojú-ewé padà sí òun kí a tó gbé àpò ìwé lọ sí FedEx. Ní tèmi, 75 dọ́là ládùúgbò mi sàn ju 150 ní Galveston lọ. Bí iye náà kò bá tó, mo máa ń sọ iye tó tẹ́ mi lọ́rùn fún wọn, nítorí dúnàádúrà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì máa ń gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Mo tún máa ń béèrè iye tí wọn yóò san bí oníbàárà bá kọ̀ láti buwọ́ lùwé lẹ́yìn tí mo ti tẹ̀ ẹ́, tí mo sì ti débẹ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tí owó yóò dé. Àwọn kan ń san lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn kan lẹ́yìn ọgọ́ta. Ní 2021, èlé owó ilé kò tó 3 nínú 100 nígbà kan. Kí 2022 tó parí, ó ti kọjá 7, àwọn tó ń yáwó lórí ilé dínkù, iṣẹ́ sì gbẹ. Ìgbà náà ni alágbàtà kan jẹ mí ní owó iṣẹ́ mẹ́rin, tí wọn kò gbé fóònù mọ́ títí dòní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti kìlọ̀ fún mi nípa wọn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í gba iṣẹ́ kejì lọ́wọ́ alágbàtà tuntun kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé.

Èyí tó ká mi lára jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ìwé òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ Texas sọ pé owó tí ènìyàn bá fi ilé tó ń gbé yá lábẹ́ ètò tí a ń pè ní home equity, ọ́fíìsì ẹni tó yá a lówó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tàbí ti ilé-iṣẹ́ title nìkan ni a ti lè buwọ́ lù ú. Alágbàtà tó jókòó sí ìpínlẹ̀ mìíràn lè má mọ èyí, kí ó sì rán nótárì lọ sídìí tábìlì oúnjẹ oníbàárà. Iyekíye tí wọ́n bá dá lé e, mo máa ń kọ̀ ọ́, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, torí pé ilé olórí ìdílé kan ló wà nínú ìwé yẹn.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá tún ń ròyìn iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lókè òkun, ẹ bá wa tẹ ìṣirò Galveston yìí mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nótárì kan ní Katy, Texas