Ẹ má ba kílọ́ọ̀ṣì tuntun jẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí síta nítorí àwọn tó ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tó sì ń yà wọ́n) bọ́ọ̀sì HiAce lójúde ilé, tí wọn ò ní ju jáàkì kan àti àpótí sípánà lọ. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. HiAce tiẹ̀ rọrùn ju ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà lọ. Àmọ́ púpọ̀ nínú kílọ́ọ̀ṣì tuntun tó ń tètè bàjẹ́ kì í ṣe ayédèrú rárá, ọwọ́ tó dè é ló bà á jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì ló ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké lórí òkè tí ọkọ̀ ò tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí púléètì, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ inú kílọ́ọ̀ṣì, ti jẹ tán. Bó bá jẹ́ pé gíà ni kò fẹ́ wọlé, tó ń ha gààràgà, ẹ yẹ sílíńdà kílọ́ọ̀ṣì ti òkè (lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì) àti ti ìsàlẹ̀ (lára gíábọ́ọ̀sì) wò ná. Rọ́bà kékeré tó ya nínú wọn lè fà á, a ò sì ní sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ẹ yọ orí bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sítáátà. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé tì í, torí ó lè là sí méjì láìfọhùn. Pákó tó nípọn tí a tò ní ìbú àti òró ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ tún ti táyà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀dà sàmì síbi tí ṣáfúùtù gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn ti so mọ́ ẹ̀yìn, kó lè padà sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti fà á yọ, ẹ fi ọ̀rá di ẹnu gíábọ́ọ̀sì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì á dà sí yín lójú.

Gíábọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì. Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí: bí ẹni kejì tó ń bá yín gbé e bá sinmi, tí gíábọ́ọ̀sì fi imú rẹ̀ (ṣáfúùtù tó yọ síwájú) rọ̀ sínú púléètì, àárín púléètì á tẹ̀. Púléètì tó bá ti tẹ̀ kò ní jẹ́ kí gíà wọlé mọ́, tuntun ni o, ògbólógbòó ni o. Ẹ jẹ́ kí jáàkì wà lábẹ́ rẹ̀ títí á fi yọ pátápátá, nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà náà.

Bóòtù ìdérí kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń tẹ púléètì mọ́ ẹ́ńjìnnì, sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà, sípánà 12. Ìlàjì ìyí ni kẹ́ ẹ máa tú u, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń dè é padà, bákan náà ni, agbára ìdè 19 newton-mita sì tó. Nígbà tí fúláíwíìlì (àgbá irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí púléètì ń fara tì) bá hàn, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ń sun níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ sílì (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró) ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ náà, torí púléètì tó bá mu ọ́ìlì ti di ẹrù ààtàn. Bí fúláíwíìlì bá ní àmì aláwọ̀ búlúù tàbí tó sán, ẹ gbé e lọ bá tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin). Bí ó bá kàn ń dán ni, ẹ fi sáńpépà ha á.

Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ bẹ́ríìnì tí ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Gíríìsì inú rẹ̀ á ṣàn jáde, kò sì sí ibi tí a lè gbà fi òmíràn sí i. Tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ìhà púléètì tí sípíríìnì rẹ̀ yọ síta ló máa kọjú sí gíábọ́ọ̀sì. Bẹ́ ẹ ò bá ní irin tí wọ́n fi ń mú un dúró láàárín, ẹ wé téèpù mọ́ ọ̀pá irin títí á fi há ihò púléètì àti ti bẹ́ríìnì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gíríìsì díẹ̀ bíńtín ni eyín ṣáfúùtù imú gíábọ́ọ̀sì fẹ́, ẹ nu ìyókù kúrò. Bí gíábọ́ọ̀sì ò bá tíì fara mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ má fi bóòtù fà á wọlé, etí rẹ̀ á kán. Ẹ mì ín díẹ̀díẹ̀.

Ẹ da ọ́ìlì gíà títí á fi dé ẹnu ihò ìdapo. Ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ rìn ní mìlímítà 5 sí 15 kó tó kan ohun tó le. Kẹ́ ẹ wá fa búréèkì ọwọ́, kẹ́ ẹ fi gíà kẹrin sí i, kẹ́ ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kẹ́ ẹ dán an wò, torí ìdánwò yìí náà ń jẹ púléètì.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì, Ìbàdàn