Àwọn ọmọbìnrin tó ń fa okùn ní Lyon

Sí Olóòtú,

Mo fara balẹ̀ ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ìrìn àjò àwọn ahunṣọ ṣẹ́dà ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, kí ayé ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó dé. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọkùnrin nìkan ni òǹkọ̀wé yín rí lójú ọ̀nà: àwọn oníṣòwò Ítálì tí Ọba Francis Kìíní fún láṣẹ láti hun ṣẹ́dà níbẹ̀ ní ọdún 1536, àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn kí wọ́n tó di ọ̀gá.

Òfì aṣọ ọlọ́nà ayé ìgbà náà kò ṣeé dá lò. Bí ahunṣọ bá jókòó sídìí rẹ̀, ẹlòmíràn ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kí ó máa fa okùn tó ń gbé òwú sókè, kí ọnà lè yọ lára aṣọ. Ọmọbìnrin ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ agbára yìí, láti àwọn abúlé agbègbè Bugey, Dauphiné àti Savoy, tí kò jìnnà sí Lyon, ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti wá, ọmọdé ṣì ni àwọn mìíràn nínú wọn. Inú ilé ọ̀gá ni wọ́n ń gbé. Èyí tó bá rí owó tù jọ nínú wọn a fi ṣe ẹrù ìyàwó, owó náà a sì wà lára ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ọkọ ni ẹgbẹ́ ahunṣọ ń kọ sínú ìwé.

Ìyàwó ọ̀gá pẹ̀lú kò sinmi. Nítorí pé òwú kò gbọdọ̀ dúró, ọ̀pọ̀ wọn ń rán ọmọ jòjòló lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ìgbèríko, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò sì padà wálé mọ́. Ìrìn àjò ni ìyẹn náà, èmi kò sì rò pé a lè ka ìtàn aṣọ náà tán láìdárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Joseph Marie Jacquard, ọmọ Lyon, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń gbé òwú òfì sókè láìsí ẹni tó ń fa okùn jáde ní 1804, iṣẹ́ okùn fífà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin yìí. Bí ẹ bá máa tẹ apá kejì àpilẹ̀kọ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé yín tọpa wọn dé ibi tí wọ́n gbà lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín