Tunnel yín ti up, ṣùgbọ́n ẹrù wa kò gba ibi tó yẹ: ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ MPLS tí ẹ ṣe fún wa

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Iṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìparí iṣẹ́ tí ẹ ní kí n fọwọ́ sí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò ní fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin gan-an ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí pé gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹjọ́ yìí lọ bá àwọn tó ń gba ẹ̀sùn lọ́dọ̀ yín, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: tunnel, ìyẹn ọ̀nà àkànṣe tí MPLS là fún dátà wa nípa lílẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, ti up, ó ń ṣiṣẹ́; wọ́n á sì pa ẹ̀sùn náà dé.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí a torí ẹ̀ pè yín. Ọ̀nà méjì ló so olú ọ́fíìsì wa mọ́ ibi tí àwọn sáfà wa wà. Ráútà kan ló wà láàárín èyí tó kúrú, méjì ló wà láàárín èyí tó gùn. 1 Gbps ni okùn kọ̀ọ̀kan lè gbé. OSPF, ètò tí àwọn ráútà fi ń yan ọ̀nà, kì í wo bí ọ̀nà ṣe kún tó, cost (iye tí a fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan; èyí tó kéré jù ló ń yàn) ló ń wò, nítorí náà gbogbo ẹrù, ìyẹn dátà wa, ló ń wọ́ lọ sórí ọ̀nà kúkúrú, tí ọ̀nà gígùn wà níbẹ̀ láìrí iṣẹ́ ṣe. Bó bá di alẹ́ tí sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀dà fáìlì, ohùn àwọn òṣìṣẹ́ wa tó ń gba ìpè oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àdéhùn wa kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ẹ̀dà fáìlì á gba ọ̀nà gígùn, 300 Mbps, ní àlọ àti àbọ̀; ìpè á dúró sórí ọ̀nà kúkúrú; bí okùn kan bá já, fast reroute á ti gbé ẹrù yí i ká kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ohun tó ń jẹ́ kéèyàn sanwó lórí traffic engineering (fífi ọwọ́ yan ọ̀nà tí ẹrù máa gbà) nìyẹn. Láìsí ìyẹn, LDP, ètò kan tó ń pín lébẹ́ẹ̀lì, ì bá tó wa, torí ọ̀nà tí OSPF bá ti yàn náà ni LDP ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́.

Nígbà tí ẹ ní ẹ ti parí, mo tẹ àṣẹ show interface Tunnel10 (Tunnel10 ni orúkọ tunnel tí ẹ ṣe). Ìlà àkọ́kọ́ ní ó up, line protocol náà ní ó up. Mo ka a wálẹ̀ débi tó ti ń ka packet, ìyẹn ègé dátà: 0 packets output, kò sí ẹyọ kan tó jáde. Ẹ̀dà fáìlì sì ń lọ lọ́wọ́ lásìkò yẹn o. Mo wọ inú àwọn ráútà àárín, mo wo show mpls forwarding-table, lébẹ́ẹ̀lì tí RSVP, ètò tó ń la ọ̀nà tunnel, pín wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sí èyí tó sọnù. Ẹ ti la ọ̀nà, ẹ ò kàn darí ọkọ̀ kankan síbẹ̀ ni. Kò sí static route (ìlà ọ̀nà tí a fi ọwọ́ kọ), kò sí autoroute (àṣẹ tó ń jẹ́ kí ráútà fúnra rẹ̀ máa lo tunnel), kò sí ohunkóhun tó sọ fún ráútà pé ẹrù báyìí ni kó máa kì sínú tunnel náà.

Mo pè yín. Ẹnjiníà yín wọlé láti ọ̀nà jíjìn, kò bi wá ní ìbéèrè kankan, ó tẹ autoroute announce, ó ní iṣẹ́ ti parí. Ọ̀gá wa, àṣẹ yẹn kò mọ ẹ̀dà fáìlì yàtọ̀ sí ìpè. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ráútà tí tunnel parí sí ló ń kó sínú tunnel, iye cost tí OSPF fún ọ̀nà kúkúrú ló sì ń kà sí tunnel náà lọ́rùn, bí tunnel ọ̀hún tilẹ̀ ń lọ yí ká. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìpè wa ti ń bá ẹ̀dà fáìlì rin ọ̀nà gígùn, tí ọ̀nà kúkúrú sì wá di ibi tó ṣófo. Ohun tí a nílò kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ: static route fún àdírẹ́sì sáfà tó ń gba ẹ̀dà, kó dojú kọ Tunnel10.

Ti bandwidth, ìyẹn iye àyè tí tunnel ń béèrè, ló tún ń bí mi nínú jù. 300 ni ẹ kọ. Kbps ni àṣẹ yẹn ń kà, ráútà fúnra rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde kedere nínú show mpls traffic-eng tunnels pé 300 kbps. 300000 ló yẹ kó wà níbẹ̀, torí 1000 kbps ló wà nínú 1 Mbps. Bí iye náà bá ṣe rí yìí, RSVP á máa rò pé okùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, yóò sì gba tunnel míì láyè lórí rẹ̀ títí. Ẹni tó ta iṣẹ́ yìí fún wa tún sọ fún àwọn ọ̀gá mi pé bandwidth tí a bá ti gbà sílẹ̀, ẹlòmíì ò lè fọwọ́ kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. RSVP ń ka iye nígbà tó bá ń la ọ̀nà ni, kì í dá packet kankan dúró lẹ́yìn ìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ dáàbò bo ìpè ní tòótọ́, QoS, ètò tó ń fi ẹrù kan ṣáájú òmíràn, ló máa ṣe é, èyí tó ń wo bíìtì mẹ́ta inú lébẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní EXP kí ìwé ìlànà RFC 5462 tó sọ ọ́ di Traffic Class lọ́dún 2009. Mo wá a nínú config yín, àkójọ àwọn àṣẹ tí ẹ kọ sórí ráútà, láti òkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí autoroute wọlé ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé fáìlì ńlá ń dákú lójú ọ̀nà, tí ojú ewé kéékèèké sì ń ṣí. Àwọn tó ń gba ẹ̀sùn lọ́dọ̀ yín ní kí n pa ráútà, kí n tún un tàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo fi ping (packet ìdánwò) dán an wò láti orí ráútà wa, mo ní kó má ṣe gé packet: báìtì 1496 kọjá, 1497 kò kọjá. Lébẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ báìtì 4, nítorí náà packet 1500 kíkún á di 1504 tó bá ti wọ tunnel. Ẹ ti kọ mpls mtu 1512 sórí ráútà (MTU ni ìwọ̀n packet tó tóbi jù tó lè kọjá), ìyẹn dára, àmọ́ switch tó wà láàárín ráútà àkọ́kọ́ àti èkejì lórí ọ̀nà gígùn ṣì wà lórí 1500. Ráútà gbà pé ẹrù á kọjá, switch sì ń gbé e sọnù láìsọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó rí ìkìlọ̀ kankan. Abẹ́ àkóso yín ni switch yẹn wà, a ò ní password rẹ̀. Bí fast reroute bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, lébẹ́ẹ̀lì kejì á gun orí àkọ́kọ́, ó di 1508.

Ti fast reroute náà, ẹ kọ ọ́ sórí Tunnel10, ṣùgbọ́n ẹ ò ṣe backup tunnel kankan (èyí tó máa gba ẹrù bí okùn bá já) sórí àwọn ráútà àárín, ẹ ò sì so backup-path mọ́ interface kankan. Tunnel ń tọrọ ààbò, kò sí ẹni tó fún un. Path-option (ọ̀nà tí tunnel lè gbà) kan ṣoṣo ló tún ní, explicit (èyí tí a kọ sílẹ̀ ní pàtó), tí kò sí dynamic (èyí tí ráútà á wá fúnra rẹ̀) lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí okùn ọ̀nà gígùn já, tunnel ṣubú pátápátá, gbogbo ìpè tó ń lọ lọ́wọ́ sì já kí OSPF tó rí ọ̀nà mìíràn. Ní ti àbọ̀, ẹ ò tilẹ̀ ṣe é rárá. Apá kan ni tunnel MPLS ń rìn. Ti àbọ̀, orí ráútà tó wà níbi sáfà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú wá sí ọ̀dọ̀ wa, kó má ṣe ṣe é láti ọ̀nà jíjìn mọ́. Kó yọ autoroute kúrò, kó fi static route sí i, kó tún iye bandwidth kọ, kó gbé MTU switch yẹn sókè, kó ṣe tunnel àbọ̀, kó sì kọ QoS àti backup tunnel tí àdéhùn wa nílò. Kí ó tó tẹ ohunkóhun, a fẹ́ rí config náà lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, a ó jọ dúró ti ẹ̀rọ: ẹ̀dà fáìlì á máa lọ, ẹnì kan lára wa á máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi á sì yọ okùn ọ̀nà gígùn lójú gbogbo wa. Bí iye packet Tunnel10 bá ń gòkè kí n tó yọ okùn, tí ẹ̀dà fáìlì kò dúró nígbà tí mo yọ ọ́, tí ohùn kò sì já, mo máa fọwọ́ sí ìwé yín lórí ìdúró.

Títí dìgbà náà, ẹ̀ka ìṣúná wa ti dá owó tó ṣẹ́ kù dúró, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe gbà wá láyè. Config àwọn ráútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí ọ̀nà gígùn àti àbájáde àwọn àṣẹ tí mo dárúkọ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹnjiníà máa wá ránṣẹ́ sí mi, kí n lè sọ fún àwọn tó ń gba ìpè tẹ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
fún ilé-iṣẹ́ oníbàárà yín.