Kílò Mẹ́ta Lórí Àpò Kan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn olówó Amẹ́ríkà. Ẹ yin John D. Rockefeller pé láti ọmọ ọdún 16, nígbà tó ń ṣe akọ̀wé owó ní Cleveland lọ́dún 1855, ló ti ń ta Ọlọ́run lọ́rẹ, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n akọ̀wé owó lèmi náà, mo sì mọ ohun tí ìwé ìṣirò kì í sọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ra kòkó l'Àkúrẹ́ níbí. Òṣùwọ̀n wa máa ń jẹ kílò mẹ́ta lórí àpò kan. Ọ̀gá mọ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ náà mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan gbé àpò méjì wá láti Ìdànrè. Ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n títí, ó wá ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, a ti wọ̀n ọ́n nílé ká tó gbé e wá o." Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í sí etí aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀gá ra agogo fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bó bá ti ń dún láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá yẹn ni mo máa ń rí.

Rélùwéè ni òṣùwọ̀n ti Rockefeller. Standard Oil, ilé iṣẹ́ epo rẹ̀, ń gba ẹ̀dínwó níkọ̀kọ̀ lórí owó tí rélùwéè ń gbà láti kó epo. Àwọn elépo tí kò rí irú rẹ̀ gbà, àwọn kan kógbá sílé, àwọn mìíràn ta ilé iṣẹ́ wọn fún un. Ó di 1911 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó ní kí wọ́n tú ilé iṣẹ́ náà ká.

Ẹ ò mẹ́nu ba ti 1905. Rockefeller fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan ní 100,000 dọ́là. Pásítọ̀ Washington Gladden fárí gá pé owó náà ní àbàwọ́n, kí wọ́n má gbà á. Àṣé àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà fúnra wọn ló lọ tọrọ rẹ̀! Ibẹ̀ ló dùn mí jù, torí bí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Mo mọ̀ pé owó Rockefeller ló gbé àwọn dókítà wá sí Yábàá, l'Ékòó, lọ́dún 1925 láti wádìí ibà pọ́njú. Ibà yẹn ló pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, níbẹ̀ lọ́dún 1927. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kọ́ ni wọ́n san gbèsè rẹ̀ fún.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ yin olówó, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó gbé ẹrù dé orí òṣùwọ̀n rẹ̀.

Mo lọ sí Ìdànrè lóṣù tó kọjá. Ìyá náà ti di olóògbé. Mo fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní owó kílò mẹ́fà, iye tí wọ́n ń ra kòkó lónìí. Ó bi mí pé owó kí ni. Mo jókòó, mo sọ fún un.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kòkó tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́