Ẹ̀rọ ìfọbọ́ yẹn kò tíì kú, ẹ tú asẹ́ rẹ̀ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín láti Òǹdó, tó ní ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ kò bá ilẹ̀ wa mu, pé kó tó pẹ́ kó tó jìnnà, á ti di àpótí tí à ń kó abọ́ pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di àpótí lóòótọ́. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ilé ṣe ni mò ń ṣe ní Ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì ń rí wọn ní Ìjàpọ̀, ní Alágbàká, títí dé Ọ̀bà-Ilé: èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, àti tòkúnbọ̀ tí wọ́n fowó ara wọn rà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo ti tú wò, èyí tó pọ̀ jù ni kò bàjẹ́ rárá. Omi ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn tó, tàbí kí ìdọ̀tí ti dí wọn lọ́nà ọ̀fun.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti omi ṣáájú, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù lọ́dọ̀ wa. Níbi tí wọ́n ti ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí, omi ìjọba ló ń fi agbára wọlé. Ní tiwa, omi kànga tàbí ti bọ́hóòlù là ń fà gun táǹkì lórí irin, tí á wá máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà wá sọ pé agbára omi kò gbọdọ̀ dín sí 0.5 bar (bar ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń tì). Kí omi táǹkì tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ láìsí ohun tó ń tì í, ojú omi gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mítà 5 ga ju ẹ̀rọ lọ, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 16. Ẹ bọ́ síta, kí ẹ wo táǹkì ilé yín. Bí ilé ìdáná bá wà nísàlẹ̀, tí irin táǹkì sì ga dáadáa, ó lè tó. Bó bá jẹ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ti ń dáná, tí ìdí táǹkì kò fi bẹ́ẹ̀ ju òrùlé lọ, kò lè tó. Ẹ̀rọ náà á ṣí ẹnu gbomi, á máa retí. Tí ìwọ̀n omi tó ń fẹ́ kò bá pé lásìkò, á dákẹ́, á sì tan iná pupa tàbí kó gbé àmì kan sójú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á pe ẹnìkan, tí onítọ̀hún á ní pọ́ọ̀ǹpù ti jó. Pọ́ọ̀ǹpù wo ló jó? Omi tó fẹ́ lò kò tíì wọlé! Ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò ni pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí púlọ́ńbà máa ń so mọ́ páìpù lẹ́yìn táǹkì láti máa ti omi, ṣáwà balùwẹ̀ náà á sì jẹ nínú àǹfààní rẹ̀.

Kí wọ́n tó náwó sí ìyẹn pàápàá, kí wọ́n yẹ ẹnu rọ́bà tó ń gbé omi wọlé wò. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà. Bọ́hóòlù máa ń gbé iyanrìn wá, páìpù irin tó ti dógùn-ún náà á máa gbé ẹ̀gbin tirẹ̀ bọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá jókòó sójú asẹ́ yẹn. Ẹ ti ẹnu omi, ẹ tú rọ́bà, ẹ rọra fa asẹ́ náà jáde, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́.

Màmá kan wà ní Ìjàpọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ wọn fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn wò ó gbowó àyẹ̀wò, ó ní kí wọ́n wá owó pọ́ọ̀ǹpù tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tà á fún òun ní ọ̀pọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá ní, "Ìyá Ìbejì, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, wọ́n ti ní ó ti kú." Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì yìí sí i." Mo yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, mo gbé agbọ̀n ìsàlẹ̀ jáde. Asẹ́ ńlá ló wà nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀rọ náà, ó rí bí ife oníhò wínníwínní. Èèyàn á yí i sápá òsì, á sì tú. Èyí kò tú. Iyán ti gbẹ mọ́ ọn. Mo da omi gbígbóná sí i, mo jẹ́ kó rin díẹ̀ kí n tó yí i. Ewé ẹ̀fọ́, eegun ẹja, igi ìtayín àti ọ̀rá ẹran tó ti dì ló kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fi kànìnkànìn fa omi tó kù síbẹ̀ tán, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí ìdérí pọ́ọ̀ǹpù tó ń da omi ìdọ̀tí síta. Àfọ́kù gíláàsì kan há sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń yí nínú rẹ̀. Bí mo ṣe yọ ọ́ báyìí, abẹ̀bẹ̀ yí. A kò ra nǹkan kan. Màmá ní, "Ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ kí n torí ẹ̀ ta á nìyí?" Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Àwa ará Òǹdó àti Àkúrẹ́, a kì í fi iyán ṣeré. Bí iyán bá gbẹ sára abọ́, omi ẹ̀rọ kò lè ká a tán, ohun tó bá sì ká, asẹ́ ló ń lọ. Ẹ ha oúnjẹ kúrò, ẹ rẹ abọ́ iyán sómi kó tó gbẹ. Ilé tó bá ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́, kí wọ́n máa fọ asẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n máa wo ihò ara apá méjèèjì tó ń yí tó ń fọ́n omi, bó bá dí, igi ìtayín á ṣí i. Ọmọrogùn àti ohun onígi á sán nínú rẹ̀, ìkòkò alumíníọ́mù á dúdú, agbada irin á dógùn-ún, nítorí náà ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ ìyẹn. Ọṣẹ olómi tí à ń fi kànìnkànìn lò kò yẹ ẹ́. Á hó títí á fi máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, wọ́n á sì ní ẹ̀rọ ń jò. Èyí tó bá ní ojú iyọ̀, ìyẹn ihò tí à ń da iyọ̀ sí nínú ẹ̀rọ, iyọ̀ oníkóró tirẹ̀ ni kí ẹ rà, iyọ̀ ọbẹ̀ kúnná jù.

Ní ti iná, kí ẹ tó sanwó tòkúnbọ̀, ẹ ka bébà tó wà létí ilẹ̀kùn rẹ̀. Iná tiwa jẹ́ 230 fóòtì, 50 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60 Hz. Transformer lè bá yín dín fóòtì kù, ṣùgbọ́n kò lè yí Hz padà, mọ́tò á sì máa falẹ̀. Èyí tó wá láti ìlú Òyìnbó tí iná wọn bá tiwa dọ́gba ló dára jù. Híítà inú rẹ̀ sì lè jẹ tó 2,000 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Ètò tó ń pẹ́ tó wákàtí mẹ́ta lójú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má yàn án. Ẹ lo èyí tó yára. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ yọ wáyà, kí iná tó bá dé pẹ̀lú agbára má bàa ba pátákó iná inú rẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ni pé kó tú rọ́bà omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kó wo bó ṣe ń jáde. Lẹ́yìn náà asẹ́, lẹ́yìn náà pọ́ọ̀ǹpù. A kò gbọdọ̀ dárúkọ ohun tí oníbàárà máa rà kí a tó wo ìwọ̀nyí tán. Ìyá tó ti sin ìjọba títí tó fi gbowó ìfẹ̀yìntì kò yẹ lẹ́ni tí a máa gba ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Olóòtú, mo fi àwòrán asẹ́ méjèèjì mọ́ lẹ́tà yìí, ti ẹnu rọ́bà àti ti ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀rọ. Bí àyè bá wà, ẹ bá mi tẹ̀ wọ́n jáde, kí ẹni tó kọ̀wé láti Òǹdó lè mọ ibi tó máa wò.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, atúnẹ̀rọṣe,
Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́.